Ọmọ Ajá Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Mú Wálé

 

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ àgbàdo àti ti ajílẹ̀ la sábà máa ń bá yín sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ajá la gbé dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí ọ̀yà bá ti gé oko àgbàdo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru, tàbí tí ọ̀bọ bá ti já kòkó rẹ̀ tó pọ́n, onítọ̀hún mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni ajá ń ṣe. Ajá ń ṣọ́ ilé, ó ń ṣọ́ ewúrẹ́, ó ń lé ẹranko kúrò lóko, ó sì ń bá ọdẹ lọ sígbó. Ohun ọ̀sìn ni, gẹ́gẹ́ bí adìẹ àti ewúrẹ́ ti jẹ́ ohun ọ̀sìn. Ohun tí a bá sì ń sìn, ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí a máa ń rí ní abúlé nìyí. Ẹnìkan á lọ gba ọmọ ajá lọ́dọ̀ aládùúgbò, tàbí kó rà á lọ́jà. Á jù ú sínú àpò, ó di ilé. Bó bá délé, á so ó mọ́ ìdí igi, á ju òkèlè àmàlà sí i. Lóru, ọmọ ajá á máa ké, wọ́n á nà án. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbẹ́ gbuuru ti mú un, ó kú. Èyí tí kò bá kú, ojo ni yóò dà, tàbí kó di ajá tó ń bu ọmọdé jẹ. Wọ́n á wá ní, "Ajá yìí ò dáa." Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ajá ni kò dáa. Ọwọ́ tí a fi gbà á ni kò dáa.

Ohun méjì péré la fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ òní. Èkíní, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí ọmọ ajá bá lò nílé yín ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú irú ajá tí yóò dà. Èkejì, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í ṣe ohun tí a ń fi falẹ̀, nítorí ẹ̀mí àwọn ọmọ yín ló wà níbẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ GBÀ Á LỌ́WỌ́ ÌYÁ RẸ̀

Ẹ má ṣe kánjú já ọmọ ajá lẹ́nu ọmú. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á ti máa tọ́ oúnjẹ lá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mu ọmú. Ìgbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ (8), ìyẹn bí oṣù méjì, ló tó mú. Ọ̀rọ̀ ọmú nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Àárín ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Bó bá bu èkejì rẹ̀ jẹ jù, èkejì á ké, eré á sì dúró. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹnu ní ìwọ̀n. Ọmọ ajá tí wọ́n mú kúrò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́, ẹnu rẹ̀ sì máa ń le.

Bẹ́ ẹ bá dé ilé ẹni tó fẹ́ fún yín lájá, ẹ wo ìyá rẹ̀ dáadáa. Bí ìyá bá ń gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu, ó dáa. Ẹ wá wo ọmọ náà. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kí imú rẹ̀ má máa dà, kí ìdí rẹ̀ gbẹ, kí ikùn rẹ̀ má wú bí ìlù. Kó máa sáré wá bá yín, kó má sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀.

Ẹ bi olówó rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló ń jẹ? Ṣé wọ́n ti fún un ní oògùn aràn, ọjọ́ wo sì ni? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ kankan? Bí ìwé abẹ́rẹ́ bá wà, ẹ gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àkísà kékeré kan tí ìyá ajá ń sùn lé. Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ lálẹ́.

Tọjà ńkọ́? Lọ́jà, wọ́n máa ń kó ọmọ ajá ilé púpọ̀ sínú àhámọ́ kan, ẹyọ kan tó lárùn lè kó o ran gbogbo wọn. Bẹ́ ẹ bá rí i gbà nílé ẹni tí ẹ mọ̀, ìyẹn ló dára jù.

BÍ Ẹ ṢE MÁA GBÉ E DÉLÉ

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ gbé e, kó lè rí gbogbo ọ̀sán fi wo ilé tuntun yìká kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má jù ú sínú àpò, ẹ má sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹ gbé e sínú agbọ̀n, tàbí páálí tí ẹ ti lu ihò sí lára, kẹ́ ẹ tẹ́ àkísà náà sí ìsàlẹ̀. Kó má jẹun yó kẹ́ ẹ tó gbéra, torí mọ́tò máa ń bì í. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ dúró, ẹ fún un lómi díẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá délé, ibi tí ẹ fẹ́ kó ti máa tọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ dúró tì í títí yóò fi tọ̀, kẹ́ ẹ wá yìn ín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ibùsùn rẹ̀ àti abọ́ omi rẹ̀ hàn án. Gbogbo ọmọdé abúlé á fẹ́ wá wò ó. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ọmọ ajá bá fẹ́ sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Oorun rẹ̀ pọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́.

ẸKÚN ÒRU

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi ọwọ́ lò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ ajá, àárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń sùn. Wọ́n á sùn lé ara wọn lórí, ara kálukú á máa mú èkejì móoru. Lójijì, ó bá ara rẹ̀ lóun nìkan nínú òkùnkùn, kò gbọ́ òórùn ìyá rẹ̀ mọ́. Kí ni kò ní fi ké? Kì í ṣe agídí, ẹ̀rù ló ń bà á. Bẹ́ ẹ bá nà án, ẹ̀rù ọ̀hún á di méjì: ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ó tún ń bẹ̀rù yín.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí:

1. Ẹ tẹ́ àkísà tí ẹ gbà wá sínú agbọ̀n tàbí páálí. Òórùn ìyá rẹ̀ á mú ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀.

2. Bí òtútù bá mú, ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó má gbóná jù o.

3. Ní òru bíi márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ gbé agbọ̀n náà sí ìtòsí ẹnu ọ̀nà yàrá tí àgbàlagbà ń sùn. Bó bá ké, ẹ na ọwọ́ sí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e jáde, kó tọ̀, kẹ́ ẹ dá a padà. Ẹ má bá a ṣeré, ẹ má sì fún un lóúnjẹ lóru, kó má baà sọ ọ́ di àṣà.

4. Bó bá ti ń sùn mọ́jú, ẹ máa sún agbọ̀n náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ kó máa sùn títí ayé rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, "Ajá oko ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ajá yàrá." Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ òru díẹ̀ ni. Ajá tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ní kékeré ló sábà máa ń láyà lágbà.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹ má so ọmọ ajá mọ́lẹ̀ ní abà oko lóru kí gbogbo yín wá padà sílé. Bí ìjàlọ bá dé, ajá tó wà lókùn ò rí ibi sá sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ejò.

OÚNJẸ ÀTI OMI

Ní bí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oúnjẹ tó ń jẹ nílé ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ máa po tuntun mọ́ ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ ẹ bá yí i padà lójijì, inú rẹ̀ á bàjẹ́.

Ikùn ọmọ ajá kéré, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà kíákíá. Títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, ẹ máa fún un lóúnjẹ nígbà mẹ́rin lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Àmàlà tàbí ẹ̀bà nìkan kò lè mú un dàgbà. Ẹ fi ẹja gbígbẹ tí a gún, ẹyin sísè, ẹran, tàbí ẹ̀wà sóyà tó jinná dáadáa kún un. Ògì tí a pò mọ́ ẹ̀wà sóyà, tí a sè, tí a sì fọ́n ẹja sí, oúnjẹ gidi ni, kò sì wọ́n ẹni tó ń gbin sóyà.

Ẹ má fi ata àti àlùbọ́sà sí oúnjẹ rẹ̀. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tó ti jinná máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un nínú. Mílíìkì màlúù máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀pọ̀ ọmọ ajá, omi ló dáa jù. Kí omi mímọ́ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

ÌTỌ̀ ÀTI ÌGBẸ́

Ìgbà mẹ́ta ni ọmọ ajá sábà máa ń tọ̀: bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, àti bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣeré tán. Nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ yàn. Bó bá ṣe é síbẹ̀, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣe é sínú ilé, ẹ nù ún kúrò, kẹ́ ẹ má pariwo. Àwọn kan máa ń ki imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀. Kò kọ́ nǹkan kan nínú ìyẹn ju kó máa sá fún yín lọ.

Ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ máa bò ó mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Aràn inú ajá máa ń yé ẹyin sínú ìgbẹ́ yìí, ọmọdé tó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ lè kó o jẹ.

ORÚKỌ, ỌMỌDÉ, ADÌẸ ÀTI EWÚRẸ́

Àṣà wa ni láti fi òwe sọ ajá lórúkọ, ká fi pa àṣamọ̀ sí aládùúgbò. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá gùn, ẹ gé e kúrú, kí gbogbo ará ilé sì máa fi ẹyọ kan náà pè é. Ẹ máa pè é fún oúnjẹ, ẹ máa pè é fún ìfọwọ́kàn. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ pè é wá nà láé. Ajá tí wọ́n pè wá nà lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ ẹ bá pè é nígbó lọ́la, kò ní wá.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá (14) ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù lọ láti gba nǹkan tuntun. Ohun tó bá rí nígbà náà, tí kò sì ṣe é ní ibi, kì í sábà bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó rí adìẹ, kó rí ewúrẹ́, kó gbọ́ ariwo ọ̀kadà àti ti ẹ̀rọ ìlọta, kó rí arúgbó tó ń tẹ̀ ọ̀pá. Ẹ fi okùn sí i lọ́rùn nígbà tí ẹ bá mú un dé ọ̀dọ̀ adìẹ. Bó bá fẹ́ lé wọn, ẹ rọra fà á padà, kẹ́ ẹ yìn ín bó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ajá tó ti lé adìẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣòroó kọ́. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọdé náà. Kí wọ́n má fa ìrù rẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án bó bá ń jẹun, kí wọ́n má jí i lójú oorun. Ajá tí wọn ò yọ lẹ́nu níbi oúnjẹ kò ní máa gbèjà oúnjẹ.

ARÀN, EÉGBỌN ÀTI ÌGBẸ́ GBUURU

Aràn máa ń ti inú ìyá bọ́ sára ọmọ ajá kí wọ́n tó bí i, ó sì tún máa ń bá ọmú wọlé. Ìdí nìyẹn tí ikùn ọ̀pọ̀ ọmọ ajá fi ń wú tí ara wọn sì ń rù. Oògùn aràn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, á máa tẹ̀ lé ara wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, lẹ́yìn náà ní oṣooṣù títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ ti gba oògùn náà, torí bí ajá bá ṣe wúwo tó la fi ń wọn oògùn fún un.

Eégbọn ńkọ́? Ẹ máa yẹ etí, ọrùn àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ máa já a dànù. Ẹ má fi ọ́ìlì dúdú inú ẹ́ńjìnnì pa á lára o. Ẹ má sì bu oògùn tí ẹ fi ń fín kòkó tàbí ẹ̀wà sí i lára. Ajá máa ń lá ara rẹ̀. Ohun tí ẹ fi pa á lára lónìí, ikùn rẹ̀ ló ń lọ, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Bákan náà, ẹ gbé oògùn eku àti ike kẹ́míkà sí ibi tí kò lè dé.

Bí ọmọ ajá bá ń bì, tó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tí kò jẹun, ẹ má ṣe dúró kẹ́ ẹ máa wá ewé. Ó lè jẹ́ àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní parvo, láàárín ọjọ́ mélòó kan ló ń pa ọmọ ajá. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, aràn tàbí eégbọn lè ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ẹ sáré gbé e lọ rí dókítà ẹran. Abẹ́rẹ́ wà fún parvo: wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì tún un gún títí di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún (16). Títí abẹ́rẹ́ náà yóò fi pé, ẹ má jẹ́ kó máa rìn kiri níbi tí ajá ìgboro ń yàgbẹ́ sí.

DÌGBÒLUGI

Ọ̀rọ̀ yìí la fi pa mọ́ sí ìkẹyìn kẹ́ ẹ má baà gbàgbé rẹ̀. Inú itọ́ ẹnu ajá ni àrùn dìgbòlugi ń gbé, ojú ibi tó bá bu ènìyàn jẹ ló ń gbà wọlé. Ó lè fara pamọ́ sára ènìyàn fún oṣù kan sí mẹ́ta kó tó jáde. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ẹranko tí a fura sí bá bù jẹ, bí mẹ́rin ló jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15.

Bẹ́ẹ̀, a lè dènà rẹ̀. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọdékùnrin kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ni ayé ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ajá yín bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ tún un gbà bí ọdún bá yí po, kẹ́ ẹ sì máa tẹ̀ lé ọjọ́ tí dókítà ẹran bá kọ sínú ìwé. Ẹ tọ́jú ìwé náà bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà ṣe ọmọ ajá, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo, ata, tàbí irun ajá sí i. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má pa ajá náà kẹ́ ẹ sè é jẹ o, ẹni tó ń kun ún lè kó àrùn. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sé e mọ́ ibì kan, kẹ́ ẹ ké sí dókítà ẹran kó máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀, tàbí tó ń bu igi àti òkúta jẹ, ẹ má sún mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sínwín o; òmíràn á kàn dákẹ́, á lọ fara pamọ́ síbi tó ṣókùnkùn.

OHUN TÍ A FẸ́ KẸ́ Ẹ ṢE LỌ́SẸ̀ YÌÍ

Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ajá 70 nínú 100 bá gba abẹ́rẹ́ ní àdúgbò kan, dìgbòlugi kì í rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ò lè dá a ṣe. Ẹ kó ara yín jọ nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín, ẹ ka iye ajá tó wà lábúlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò. Yóò bá yín kàn sí ọ́fíìsì fẹ́tìnárì ìjọba ìbílẹ̀, kí dókítà ẹran lè wá gún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n (28) oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún ni gbogbo ayé fi ń rántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi, àwọn ibi kan sì wà tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò yẹn. Ẹ béèrè bóyá tiyín wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mú ọmọ ajá wálé lọ́la, kó wá agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kó má sì gbàgbé láti tọrọ àkísà. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ẹ jẹ́ kí tiyín mọ̀ láti òru àkọ́kọ́ pé òun lẹ́ni lẹ́yìn.